Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àjọ NDDC: Ẹ Ṣí Fáìlì Ayétòrò fún Wa

Sí Alága, Ọ̀gá Àgbà àti gbogbo Ìgbìmọ̀ Olùdarí Àjọ NDDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdàgbàsókè agbègbè Niger Delta, Port Harcourt.

Ẹ̀yin àgbà wa, mo kí yín o, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Bí ọmọ Yorùbá méjì bá pàdé, "Ilé ńkọ́?" ni ẹnì kìíní máa ń bi ẹnì kejì, ẹnì kejì á sì ní, "Ilé wà." Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, Ayétòrò ni wọ́n bí mi sí, ó sì ti tó ọdún mélòó kan tí n kò ti mọ ohun tí mo lè fi dá ìkíni yẹn lóhùn. Ilé tí ìyá mi ti yan ẹja tọ́ wa wà nínú òkun. N kò ní etí òkun o, inú òkun ni mo ní. Nígbà tí omi bá fà, ẹni tó bá wa ọkọ̀ kọjá níbẹ̀ á rí orí òpó bíi mẹ́ta tó yọ síta. Ọmọdé tó bá wà nínú ọkọ̀ á béèrè pé ilé ta nìyẹn, àgbà á dárúkọ onílé, ọkọ̀ á sì máa lọ. Torí náà, ẹ má bínú pé n kò kí yín pẹ́.

Ẹ̀yin ará ìlú tí ẹ ń bá wa gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó lè jẹ́ pé ẹ kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa rí. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Ayétòrò wà, létí òkun Atlantic, Ìgbókòdá la sì ti ń wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Oṣù Kìíní ọdún 1947 ni àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ ẹ́ dó, lẹ́yìn tí wọ́n kúrò nínú ìjọ Kérúbù àti Séráfù, tí àwọn ará àdúgbò sì fojú wọn rí màbo nítorí ìgbàgbọ́ wọn. Orí ẹrẹ̀ ni wọ́n ri òpó ilé mọ́, pákó ni wọ́n tẹ́ ṣe títì. Àpò kan ni owó gbogbo wọn ń wọ̀. Wọ́n ń ṣe búrẹ́dì, wọ́n ń se ọṣẹ, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń ṣe bàtà, wọ́n sì ń kan ọkọ̀ ojú omi fúnra wọn. Iná mànàmáná ti ń tàn níbẹ̀ láti àwọn ọdún 1950, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú tó jù ú lọ nílẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà. Àwọn onímọ̀ wá láti òkè òkun láti wá wo irú ènìyàn tó lè jọ ní ohun gbogbo papọ̀ láìjà. (Ìjà wà díẹ̀ o, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni kálukú ti ń dá tirẹ̀ ṣe díẹ̀díẹ̀.) Ẹni tó bá ń pọn omi á mọ orúkọ tí wọ́n sọ ìlú náà: omi tí gbogbo ìdọ̀tí rẹ̀ ti rọ̀ sílẹ̀ nínú àmù la máa ń sọ pé ó tòrò.

Omi náà ló wá ń jẹ ẹ́ báyìí. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń jẹ ẹ́. Ó gbé ilé ìjọsìn, wọ́n kọ́ òmíràn sẹ́yìn, ó tún tọ̀ ọ́ lọ. Ó gbé ilé ìwé, ó gbé ilé ìgbẹ̀bí, ó gbé ibi tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ ṣe, ó ń gbé ilé ní ìlà ìlà. Nígbà tó yá, ó gbé itẹ́ òkú. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá délé ẹjọ́ ọba, ojú oórì bàbá ẹni lèèyàn máa ń nawọ́ sí. Àwa ò ní ibi tí a ó nawọ́ sí mọ́ àfi orí omi.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ nìyí, n ó to wọn tẹ̀lé ara wọn.

1. Fáìlì ọdún 2004. Ọdún náà ni Àjọ yín gbé iṣẹ́ ìdáàbòbò etíkun Ayétòrò fún kọngílá kan, owó tí wọ́n dá lé e sì ju bílíọ̀nù 6 náírà lọ. Ọdún ń gorí ọdún, àwọn ènìyàn wa ń wo ojú omi bóyá ọkọ̀ òkúta yóò yọ. Ní 2009 ẹ gba iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ kọngílá àkọ́kọ́, ẹ gbé e fún òmíràn. Àwọn oníròyìn ti kọ ìtàn yìí títí ó fi sú wọn, gbogbo èyí tó sì dé ọ̀dọ̀ wa nínú wọn, nǹkan kan náà ló padà lọ kọ: òun kò rí ògiri. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí iṣẹ́ náà jáde ti dàgbà tó ẹni tó ń dìbò. Òun náà kò rí i.

Ìbéèrè tèmi kò ṣòroó dáhùn fún ẹni tó bá ní ìwé lọ́wọ́. Ṣé owó jáde fún kọngílá kìíní? Bí ó bá jáde, èló ni, èló ló sì dá padà? Èló lẹ san fún èkejì? Orúkọ ta ló wà nísàlẹ̀ ìwé tó sọ pé iṣẹ́ ti dé ibi báyìí báyìí, kí wọ́n sanwó? Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò tíì dé orí àga yìí nígbà náà. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó jẹ́ kó rọrùn fún yín láti ṣí i.

Ní oṣù Kẹwàá 2019, Ààrẹ Buhari pàṣẹ pé kí wọ́n tú ìwé owó Àjọ yín yẹ̀ wò láti 2001. Oṣù Kẹsàn-án 2021 ni wọ́n gbé àbọ̀ rẹ̀ fún ìjọba àpapọ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ 13,777 ló wà nínú àkọsílẹ̀ láàárín ìgbà náà, owó tó sì wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tírílíọ̀nù 6 náírà. Etíkun wa kò lè ṣàìwà lára iṣẹ́ 13,777 yẹn. N kò ní kí ẹ kó gbogbo ìwé náà síta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ojú ewé tó kan Ayétòrò nìkan ni mo ń bèèrè. Bí kò bá síbi tí ẹ ó gbé e sí, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ní èbúté Ìgbókòdá, a ó dúró kà á. Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún yín ní ọjọ́ 7 láti dá ẹni tó bá bèèrè lóhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka lẹ́tà yìí sí ìbéèrè náà, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́.

2. Ẹrẹ̀ kì í ṣe yanrìn. Bí ọ̀rọ̀ Ayétòrò bá ti jáde, ẹnìkan kì í ṣàìsọ pé kí wọ́n ṣáà kó òkúta síbẹ̀ bí wọ́n ti ṣe sí Eko Atlantic, ìlú tuntun tí wọ́n ń kọ́ sétí òkun ní Èkó. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wa. Etíkun Èkó, yanrìn ni. Láti apá ìlà oòrùn Lẹ́kí lọ títí dé ẹnu odò Benin, nǹkan bíi kìlómítà 75, ẹrẹ̀ ni. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń pè é ní etíkun ẹrẹ̀ Màhín. Ìgbì tó gbé yanrìn lọ lónìí lè dá díẹ̀ nínú rẹ̀ padà bí òkun bá rọlẹ̀. Ẹrẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìgbì bá ti rú u, yóò pò mọ́ omi, ó di àlọ nìyẹn. Òkúta tí a bá dà lé e lórí láìtẹ́ ohun tó yẹ sábẹ́ rẹ̀ yóò máa rì ni, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá gé rìbọ́nù tán, ẹ ó wá a tì.

Ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ sì ń joro, ó ń rọ̀ sílẹ̀ bí àkàṣù tí wọ́n gbé nǹkan lé, nígbà tí òkun ń ga sókè. Láàárín 1901 sí 2018, òkun gbogbo ayé ga sí i tó sẹ̀ǹtímítà 20. Láti 2006 sí 2018, mìlímítà 3.7 ló ń fi kún un lọ́dọọdún, èyí tó yá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ dáadáa. Ará Àkókó tó ń gbé orí òkè lè fi èyí rẹ́rìn-ín. Ní ibi tí ilẹ̀ kò ti fi bẹ́ẹ̀ ga ju omi lọ, tí ọmọ kékeré dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé tó ń fi ọwọ́ bu omi bọ́ ẹsẹ̀, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ tó pe kọngílá kankan mọ́, ẹ jẹ́ ká rí ìwé àyẹ̀wò ilẹ̀ náà. Kí wọ́n ti gbẹ́ inú ẹrẹ̀ náà wò, kí wọ́n mọ ibi tí ó le dé, kí wọ́n wọn ìgbì àti bí omi ti ń ṣàn, kí àwọn apẹja wa tó mọ ibi tí omi ti ń yí padà sì jókòó níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yàwòrán iṣẹ́ náà. Kí igi ẹ̀gbà pẹ̀lú wà nínú ètò náà, igi tó ń ta gbòǹgbò sínú omi iyọ̀ tó sì ń di ẹrẹ̀ mú. Lórí èyí, a jẹ̀bi tiwa: àwa náà ti gé ẹ̀gbà dáná yan ẹja títí ó fi tán lẹ́bàá ilé. Mo sọ ọ́ kí ẹ má baà rò pé ẹ̀bi ẹlòmíràn nìkan ni mo mọ̀ ọ́n kà.

3. Iyọ̀ tó gba ojú ọ̀nà epo wọlé. Àwọn tó ń wa epo gbẹ́ ipa omi tààrà láti inú igbó lọ sínú òkun kí ọkọ̀ wọn lè ráyè kọjá. Omi iyọ̀ gba ibẹ̀ wọlé. Lágbègbè Awoye àti Molutehin, igbó tó ń mu omi dídùn kú lórí ìdúró, ẹja odò lọ, kànga di ohun tí a fi ń wo òjìji ara ẹni. Ìbínú yẹn wà lára ohun tó gbé àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ lọ sí orí Parabe, pèpéle tí ilé-iṣẹ́ Chevron fi ń wa epo nínú òkun, ní oṣù Karùn-ún 1998. Àwọn ọmọ ogun yìnbọn, ọ̀dọ́ méjì kú. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé San Francisco ní Amẹ́ríkà, ní 2008 àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti gbọ́ ọ sì dá ilé-iṣẹ́ náà láre. Bó ti rí ni mo ṣe kọ ọ́, n kò yí i po. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìbọn ni wọ́n dá lẹ́jọ́ lọ́hùn-ún. Ní ti ẹjọ́ iyọ̀, n kò tíì gbọ́ pé ilé ẹjọ́ kan jókòó gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin lẹ ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ yìí. A fẹ́ kí ẹ ka àwọn ipa omi tí wọ́n gbẹ́ ní gbogbo Ìlàjẹ, kí ẹ sọ fún wa èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ àti èyí tí wọ́n ti pa tì. Èyí tí wọ́n ti pa tì, ta ni yóò dí i?

4. Ọ̀rọ̀ owó kò pọ̀ lẹ́nu mi, òfin tó dá yín sílẹ̀ ní ọdún 2000 ti sọ ọ́. Ìjọba àpapọ̀ yóò san iye tó tó ìdá 15 nínú 100 owó tó ń lọ sí àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án tó wà lábẹ́ yín. Àwọn ilé-iṣẹ́ epo yóò san ìdá 3 nínú 100 ètò ìnáwó wọn lọ́dún. Ìdajì owó àjálù àyíká tó tọ́ sí àwọn ìpínlẹ̀ náà yóò sì wá sọ́dọ̀ yín. Ìdajì owó àjálù àyíká. Bí ìlú tí òkun ń gbé kò bá sí lára ohun tí wọ́n torí rẹ̀ yọ owó yẹn sọ́tọ̀, kí ló wá wà lára rẹ̀?

Ẹ má sì sọ pé kí a lọ bá ẹlòmíràn. A ti lọ. Bí a bá dé ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀, wọ́n á ní iṣẹ́ yìí ju agbára ìpínlẹ̀ lọ. Bí a bá dé Àbújá, wọ́n á ní ìpínlẹ̀ ló ni ilẹ̀. Èmi fúnra mi dé ọ́fíìsì ìjọba kan rí, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tí mo mú àwòrán ilé wa dání. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ wo ìwé mi, ó ní Ayétòrò wo nìyẹn, ṣé ti ọ̀nà Abẹ́òkúta? Mo ní rárá, ti Ìlàjẹ. Ó ní òun kò mọ̀ pé òmíràn tún wà. Ó ní kí n lọ sí Abẹ́òkúta kọ́kọ́.

5. Bí a ó bá kó, kí a kó bí ìlú. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jà lábẹ́lẹ̀ pé etíkun náà kò ṣe é gbà mọ́, kí wọ́n kúkú pín owó fún onílé kọ̀ọ̀kan kí kálukú wábi gbà. N kò fẹ́ kí a fi ìbínú dá èyí lóhùn, nítorí ó lè jẹ́ pé àyẹ̀wò tí mo bèèrè lókè yìí yóò fi hàn pé kíkó ló kù. Ṣùgbọ́n ẹ rántí irú ìlú tó jẹ́. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó kò wá síbẹ̀ bí onílé kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá bí agbo kan ṣoṣo. Bí ẹ bá pín owó lójúlé lójúlé, Ìgbókòdá yóò gba díẹ̀ nínú wa, Èkó yóò gba ìyókù, ní ọdún márùn-ún sí i a ó máa ṣe ìpàdé ọmọ Ayétòrò ní gbọ̀ngàn tí a háyà ní Ajégúnlẹ̀. Ohun tí òkun kò lè ṣe, sọ̀wédowó yín yóò bá a parí.

Ẹ wo bí àwọn mìíràn ti ṣe é. Ní Panama, àwọn onílẹ̀ Guna wà lórí erékùṣù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Gardi Sugdub. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn fúnra wọn fi ń sọ pé àwọn yóò kó. Ní oṣù Kẹfà 2024, nǹkan bíi 300 ìdílé gba kọ́kọ́rọ́ ilé tuntun lórí ilẹ̀, ní àdúgbò kan ṣoṣo, Isber Yala. Ó pẹ́, àléébù sì wà ńbẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú kan ló kúrò lójú kan tó sì dé ojú kan. Ní Louisiana ní Amẹ́ríkà, àwọn onílẹ̀ Isle de Jean Charles ti pàdánù ìdá 98 nínú 100 ilẹ̀ wọn láti 1955. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí mílíọ̀nù 48 dọ́là fún wọn ní 2016, ìdílé àkọ́kọ́ sì kó wọlé tuntun ní 2022. Síbẹ̀ àwọn aṣáájú ẹ̀yà náà ń ráhùn pé ìjọba ìpínlẹ̀ gba ètò náà mọ́ àwọn lọ́wọ́, pé ilé ni wọ́n fún àwọn, kì í ṣe ìlú. Èyí kejì yìí lẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Torí náà, bí yóò bá jẹ́ kíkó: ilẹ̀ kan náà fún gbogbo wa, létí omi tí ọkọ̀ ẹja lè gúnlẹ̀ sí, kí ọba àti ìgbìmọ̀ ìlú jókòó nídìí ètò náà láti ọjọ́ kìíní, kí ẹ sì ka àwọn tí òkun ti lé jáde mọ́ wa. Ẹni tó ń háyà yàrá ní Ìgbókòdá lónìí kò ṣí lọ fúnra rẹ̀. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn Kampala ti ilẹ̀ Áfíríkà láti 2012, àdéhùn náà sì ka ẹni tí àyípadà ojú ọjọ́ lé kúrò nílé mọ́ àwọn tí ìjọba gbọ́dọ̀ dáàbò bò.

Àdéhùn mìíràn tún wà. Ní oṣù Kẹsàn-án 2022, Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé Australia rú ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ erékùṣù Torres Strait nítorí pé kò dáàbò bò wọ́n tó lọ́wọ́ òkun. Lára ohun tí wọ́n rò níbẹ̀ ni pé omi ń wú òkú àwọn ènìyàn wọn jáde. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo pa ìwé náà dé fúngbà díẹ̀. Àdéhùn àgbáyé tí wọ́n fi dá Australia lẹ́jọ́, Nàìjíríà wọ inú rẹ̀ ní 1993.

6. Ẹ wo aládùúgbò. Láti 2018, Benin àti Togo wà nínú ètò etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí Báńkì Àgbáyé ń náwó sí, orílẹ̀-èdè mẹ́fà ló sì kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Nàìjíríà kò sí nínú mẹ́fà yẹn. Àwọn tó ń gbé láàárín Agbodrafo àti Grand-Popo ti rí iṣẹ́ lójú ara wọn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ lẹ́nu yín ni bóyá Àjọ yín tilẹ̀ ti kọ ìwé kankan sí ìjọba àpapọ̀ lórí èyí rí.

Àwọn ìlú tó yí wa ká pẹ̀lú wà nínú ohun tí mo ń sọ. Bí mo ṣe ń tẹnu mọ́ Ayétòrò, ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí ni, kì í ṣe pé òun nìkan ni òkun mọ̀.

Ọkọ̀ ń ṣí ní Ìgbókòdá láràárọ̀. Kí ẹ má ṣe wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ojú omi dán bíi dígí tí ẹ ó fi rò pé àsọdùn là ń sọ. Ẹ wá ní ìgbà òjò, kí ẹ sun ilé wa ọjọ́ kan péré, ẹja wà, ẹní wà. Lóru ẹ ó gbọ́ ọ lábẹ́ pákó. Ẹ má wọ bàtà aláwọ wá, ẹrẹ̀ yóò bà á jẹ́. Ẹ mú fáìlì náà dání.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Ayétòrò kan, láti Ìgbókòdá.